Ihò Lójú Ọ̀nà Bàálù, Ọmọ Bọ́ǹbù Nínú Koríko

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ ológun, tí a sì máa ń jókòó sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí ní ìbéèrè tí n kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Àbúrò, ká ní àwọn ọ̀tá ti to bàálù ogun wọn sí pápá, tí epo ti kún inú wọn, tí bọ́ǹbù ti wà lábẹ́ apá wọn, tí ó sì dá ọ lójú pé kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti dé orí ìlú rẹ. Ohun ìjà kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ tí ó lè ba ojú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fi gbéra jẹ́, ohun ìjà ọ̀hún sì wà lára àwọn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti búra pé àwọn kò ní lò mọ́. Kí lo máa ṣe?" Mo dákẹ́. Ìbéèrè náà ti ń bá mi sùn, ó sì ń bá mi jí láti ọjọ́ náà.

Kí a tó lè dá irú ìbéèrè yìí lóhùn, ó yẹ kí a mọ ìdí tí ojú ọ̀nà bàálù fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ajagun. Bàálù ogun tí ó ti gòkè, àṣá ni. Èyí tí kò bá rí ibi sáré gbéra, irin lásán ni. Ní òwúrọ̀ June 5, 1967, àwọn ọmọ ogun òfurufú Ísírẹ́lì ya bo àwọn pápákọ̀ òfurufú Íjíbítì lójijì, nígbà tí oòrùn yóò sì fi wọ̀, wọ́n ti ba nǹkan bíi bàálù 300 jẹ́ nílẹ̀, níbi tí wọ́n wà láìlè gbéra. Lára ohun tí wọ́n lò ni bọ́ǹbù kan tí wọ́n dìídì ṣe nítorí kọnkéré. Bọ́ǹbù lásán tí a bá jù láti inú bàálù tó ń fò nísàlẹ̀ lè ta lórí kọnkéré bí òkò tí ọmọdé sọ lójú omi, tàbí kí ó gbẹ́ ihò pẹlẹbẹ kan tí tírélà yanrìn díẹ̀ yóò dí. Èyí yàtọ̀. Bí ó bá ti jábọ́ lára bàálù, páráṣúùtì a ṣí lẹ́yìn rẹ̀, a dá eré rẹ̀ dúró, a sì dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ a wá ṣáná, a gbá a wọ inú kọnkéré, kí ó tó bú lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó bá bú lábẹ́ kọnkéré ń gbé odindi pèpéle rẹ̀ sókè, ó ń la á káàkiri, àtúnṣe rẹ̀ sì gba pé kí wọ́n kọ́kọ́ hú gbogbo àfọ́kù náà kúrò. Bọ́ǹbù Durandal tí ilé iṣẹ́ Matra ti ilẹ̀ Faransé ṣe lẹ́yìn náà ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà bàálù kò rọrùn láti kọlù bí a ti lè rò. Ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ní òru April 30 mọ́jú May 1, 1982, bàálù Vulcan kan ti Ìlú Ọba gbéra láti erékùṣù Ascension, ó fò ju 6,000 kìlómítà lọ, àwọn bàálù mìíràn sì ń bu epo fún un lójú òfurufú, kí ó tó ju bọ́ǹbù 21 sí pápákọ̀ òfurufú Stanley ní erékùṣù Falkland, tí Argentina ti gbà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ló bá ojú ọ̀nà náà. Àwọn ọmọ ogun Argentina dí ihò rẹ̀, àwọn bàálù akẹ́rù wọn sì ń balẹ̀ síbẹ̀ títí ogun náà fi ń parí lọ.

Inú irú ìṣòro yìí ni JP233 ti jáde, ohun ìjà tí ó jẹ́ pé bí mo bá ti rántí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi, òun ni ọkàn mi máa ń lọ sí. Ìlú Ọba ló ṣe é fún bàálù Tornado. Àpótí gígùn méjì ni bàálù kan ń gbé sábẹ́ ikùn rẹ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bọ́ǹbù agbẹ́hò 30 wà níbẹ̀, bọ́ǹbù kéékèèké mìíràn tí í ṣe adènà sì jẹ́ 215. Agbẹ́hò á fi páráṣúùtì balẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ á lu kọnkéré, apá kejì á sì já sínú ihò náà láti bú nísàlẹ̀. Àwọn 215 yòókù kì í bú nígbà náà. Wọ́n á balẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí wọn ká á ṣí bí ewé, á sì gbé wọn nàró. Níbẹ̀ ni wọn yóò wà. Bí katapílà bá gbá wọn, wọn á bú. Àwọn kan nínú wọn sì máa ń bú fúnra wọn ní àkókò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, kí ẹ̀rù má bàa jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ dí ihò náà sún mọ́ ọn.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé kókó ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Èrò tí ó wà lẹ́yìn JP233 kì í ṣe èrò òmùgọ̀, kì í sì í ṣe èrò ìkà lásán. Ẹni tí ó ṣe é ti rí i pé ihò nìkan kò tó, nítorí pé ihò ṣeé dí. Nǹkan tí yóò dá alátùn-únṣe dúró ni ó ṣòro láti rí. Alátùn-únṣe yẹn, ológun ni òun náà, lórí ilẹ̀ ológun, lákòókò ogun. Òfin ogun kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọlù ú. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ọjọ́ ìjà náà nìkan ni a fi wo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi jàre.

Nígbà tí ogun ilẹ̀ Ìráàkì bẹ̀rẹ̀ ní January 1991, wọ́n lo JP233 gan-an. Láti dà á sílẹ̀, awakọ̀ Tornado ní láti fò gba orí ojú ọ̀nà náà lọ tààrà, ní òru, ní nǹkan bíi 60 mítà sílẹ̀, láìyà sọ́tùn-ún láìyà sósì, nígbà tí gbogbo ìbọn pápákọ̀ náà ń da iná sójú òfurufú. Wọ́n pàdánù Tornado kan tí ó wó lulẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, àwọn méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Wọ́n tún pàdánù àwọn Tornado mìíràn nínú oríṣi ìkọlù ìsàlẹ̀ mìíràn. Àwọn pápákọ̀ Ìráàkì fẹ̀ lọ salalu, ojú ọ̀nà wọn pọ̀, wọ́n sì ṣeé gbà ní ọ̀nà mìíràn bí ọ̀kan bá bàjẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó pé, àwọn ọmọ ogun Ìlú Ọba ti fi ìfò ìsàlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gòkè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo bọ́ǹbù tí ìmọ́lẹ̀ lésà ń tọ́ sọ́nà. Ohun tí ó wá tú àwọn ọmọ ogun òfurufú Ìráàkì ká kì í ṣe ihò. Ilé kọnkéré tí wọ́n tọ́jú bàálù wọn sí ni wọ́n ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, débi pé bàálù tó ju 100 lọ sá gba ilẹ̀ Iran. Nígbà tí àdéhùn Ottawa lòdì sí àdó olóró abẹ́lẹ̀ dé, tí Ìlú Ọba sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 1998, wọ́n kó JP233 kúrò nílẹ̀, nítorí pé àwọn 215 yẹn kò lè bọ́ lọ́wọ́ ìtumọ̀ tí àdéhùn náà fún àdó olóró. Bọ́ǹbù tó ń gbẹ́ ihò kò ṣẹ̀ sí òfin kankan. Àwọn tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì sí mi, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ń pa á pọ̀ mọ́ra. Durandal kan, bọ́ǹbù kan ni. Bí ó bá bú, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Bọ́ǹbù klọ́sítà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, èyí tí èmi ń pè ní bọ́ǹbù ọlọ́mọ yọyọ, nítorí pé ìyá rẹ̀ a là lójú òfurufú, a sì da ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ sórí ilẹ̀. BL755 ti Ìlú Ọba ní ọmọ 147. CBU-87 ti Amẹ́ríkà ní 202. Rọ́kẹ́ẹ̀tì M26 kan ní 644, ọkọ̀ tó ń yìn ín sì ń gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì 12 lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó jẹ́ ọmọ bọ́ǹbù 7,728 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní láti yí lójú afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ, kí ohun tó ń ṣọ́ ìbúgbàù rẹ̀ tú sílẹ̀, kí ó sì fi orí balẹ̀ lórí ohun tó le. Bí ó bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, tàbí kí ẹ̀ka igi gbà á mú, ó lè má bú. Tí 5 péré nínú 100 bá kọ̀, ọmọ bọ́ǹbù 386 ni yóò wà nílẹ̀ láti ara ọkọ̀ kan ṣoṣo yẹn, tí yóò máa dúró de ẹni tí yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ máa ń sọ pé pápákọ̀ òfurufú ológun ni ibi tí bọ́ǹbù yìí ti bójú mu jù lọ: ilẹ̀ gbalasa, kò sí ọjà níbẹ̀, kò sí ilé ìwé, bàálù àti ọkọ̀ epo ló wà káàkiri. Èmi náà gba èyí gbọ́ nígbà kan. Ìlú Niš ní Sẹ́bíà ni ó yí mi lérò padà.

Ní ọ̀sán May 7, 1999, àwọn ọmọ ogun NATO fẹ́ kọlu pápákọ̀ òfurufú Niš. Ohun tí wọ́n fẹ́ kọlù bá òfin mu, ìdí rẹ̀ sì yé ènìyàn. Ṣùgbọ́n àpótí bọ́ǹbù ọlọ́mọ kan ṣí kí ó tó yẹ kó ṣí, àwọn ọmọ inú rẹ̀ sì fọ́n sórí ìlú, lágbègbè ọjà àti itòsí ilé ìwòsàn, ní àkókò tí àwọn ènìyàn ń ra ẹ̀fọ́. Ó kéré tán, ènìyàn 14 ló kú. Bọ́ǹbù kan tí ó bá ṣìnà, ibì kan ni yóò ṣìnà sí. Bọ́ǹbù ọlọ́mọ tí ó bá ṣìnà, àdúgbò kan odindi ni. Netherlands, tí bàálù F-16 rẹ̀ kópa nínú ìkọlù náà, dá lílo bọ́ǹbù yìí dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ìtàn kejì ló sì wọ̀ mí lára jù. Wọ́n ju bọ́ǹbù ọlọ́mọ sí pápákọ̀ òfurufú Dubinje, nítòsí Sjenica, nínú ogun kan náà. Níbẹ̀, wọn kò ṣìnà. Wọ́n bá ohun tí wọ́n fẹ́ bá. Ogun parí ní June 1999. Ní November 2000, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Branislav Kapetanović, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó bọ́ǹbù tí kò bú kúrò nílẹ̀, wà lórí pápá náà nígbà tí ọmọ bọ́ǹbù kan bú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ. Ó lo ọdún mélòó kan nílé ìwòsàn, lẹ́yìn náà ni ó sì di ọ̀kan nínú àwọn agbẹnusọ tó mú kí àgbáyé fòfin de ohun ìjà yìí. Kì í ṣe ọmọdé tí kò mọ ohun tó gbé, kì í sì í ṣe àgbẹ̀ tó ṣèèṣì. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni. Ìkọlù tó lọ geere bí wọ́n ti pète rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí kò sí aráàlú kankan, ló gba ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀ ní ọdún kan ó lé lẹ́yìn tí àwọn tó jagun ti bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó dùn mí pé títí di òní, orílẹ̀-èdè rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì wọ inú àdéhùn tó fòfin dè é.

Àwọn ibòmíràn, ẹ ti lè gbọ́ nípa wọn. Ní Laos, láàárín 1964 sí 1973, àwọn Amẹ́ríkà da ọmọ bọ́ǹbù tó lé ní 270 mílíọ̀nù sílẹ̀, a sì gbà pé ó tó 80 mílíọ̀nù tí kò bú. Bombi ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n, bí ẹni pé ohun ìṣeré ni. Ní gúúsù Lẹ́bánónì ní 2006, Ísírẹ́lì yin nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ọmọ bọ́ǹbù, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, nígbà tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ogun náà ń parí lọ. Nínú ìbínú tí ọ̀rọ̀ Lẹ́bánónì dá sílẹ̀ ni àdéhùn tuntun tó fòfin de bọ́ǹbù ọlọ́mọ ti jáde: wọ́n fẹnu kò sórí rẹ̀ ní Dublin ní May 2008, wọ́n buwọ́ lù ú ní Oslo ní December ọdún náà, ó sì di òfin ní August 1, 2010. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ ti ba ọmọ bọ́ǹbù tó lé ní 170 mílíọ̀nù jẹ́ nínú ilé ìpamọ́ ara wọn. Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti China kò sí níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni èyí. Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró, fẹ̀sùn kàn pé ní 1997, bàálù ogun Nàìjíríà tó wà lábẹ́ ECOMOG, ikọ̀ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ju bọ́ǹbù ọlọ́mọ Beluga méjì sí Kenema. Olórí ikọ̀ náà sẹ́ ẹ nígbà náà. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti sọ rí pé òun ní BL755 nínú ilé ìpamọ́ òun. A buwọ́ lu àdéhùn náà ní 2009, ó sì di 2023 kí a tó fi òǹtẹ̀ lù ú. Togo ti ṣe tirẹ̀ ní 2012, Benin ní 2017. Ọdún mẹ́rìnlá pọ̀ jù, mo sì gbà pé ó yẹ kí a máa sọ bẹ́ẹ̀ jáde. Àwọn ará Èkó tí wọ́n rántí January 27, 2002, nígbà tí ilé ìpamọ́ ohun ìjà gbiná ní Ìkẹjà, tí ènìyàn tó ju 1,000 lọ ṣòfò, tí ọ̀pọ̀ wọn rì sínú odò Òkè-Àfà, mọ bí ó ti rí kí ohun ìjà tí kò bú fọ́n sí àdúgbò tí ènìyàn ń gbé, kí òbí máa kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má ṣe fọwọ́ kan irin kankan nílẹ̀. Kì í ṣe bọ́ǹbù ọlọ́mọ ló fa ti Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà kò yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù fún èmi ni Ukraine. Ní April 8, 2022, rọ́kẹ́ẹ̀tì ọlọ́mọ kan bú lórí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Kramatorsk, níbi tí àwọn tó ń sá fún ogun ti ń dúró de ọkọ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 50. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní July 2023, Amẹ́ríkà kéde pé àwọn yóò fún Ukraine ní ọta ìbọn ńlá ọlọ́mọ. Àwọn aláṣẹ Ukraine ṣèlérí pé àwọn kò ní lò ó nínú ìlú, pé àwọn yóò sì kọ ibi tí àwọn bá yìn ín sí sílẹ̀. Ní October 17 ọdún náà, wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì ATACMS, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ọmọ bọ́ǹbù 950, sí pápákọ̀ òfurufú Berdyansk àti Luhansk tí àwọn Rọ́ṣíà gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì sọ pé àwọn ba hẹlikọ́pítà 9 jẹ́ lóru ọjọ́ kan. Hẹlikọ́pítà wọ̀nyẹn ló ti ń fọ́ ọkọ̀ ogun Ukraine tipẹ́tipẹ́. Ta ni yóò sọ pé ohun ìjà náà kò wúlò? Èmi kò lè sọ ọ́. Hẹlikọ́pítà tó wà níta kò nílò bọ́ǹbù ńlá. Àfọ́kù irin kéékèèké ti tó o, bọ́ǹbù ọlọ́mọ sì ni a ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni bí àpẹẹrẹ náà ṣe ń ràn. Ní March 2025, Lithuania jáde kúrò nínú àdéhùn náà, ó ní Rọ́ṣíà wà ní ẹnu ọ̀nà òun. Orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mo lóye ẹ̀rù wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Àdéhùn tí ènìyàn lè jáde nínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá nílò rẹ̀ gan-an kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Mo padà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú gbogbo èyí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi máa gbẹ́ ihò sójú ọ̀nà náà. Màá fi bọ́ǹbù tó ń wọ kọnkéré gbẹ́ ẹ, tàbí kí n fọ́ ilé tí bàálù wọn wà. Àwọn Ìlú Ọba pàápàá rí i ní 1991 pé ìyẹn ló ṣiṣẹ́ jù. Ohun tí n kò ní ṣe ni kí n da nǹkan tó máa dúró lẹ́yìn mi síbẹ̀."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "O dáhùn bí olówó. Bọ́ǹbù tí lésà ń tọ́ sọ́nà, ta ló ní i? Orílẹ̀-èdè tí kò ní ju bàálù àtijọ́ mẹ́rin lọ, tí ohun tó wà nínú àpótí rẹ̀ sì jẹ́ bọ́ǹbù ọlọ́mọ tí wọ́n rà ní ogójì ọdún sẹ́yìn, kí ni kí ó ṣe?"

Ìbéèrè yìí ni ó nira jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbà fún wọn pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bọ́ǹbù tí ó ti wà nínú àpótí fún ogójì ọdún, tí ooru àti ọ̀rinrin ti jẹ lára, ni ọmọ rẹ̀ máa ń kọ̀ jù láti bú. Orílẹ̀-èdè tí kò ní owó ra bọ́ǹbù tó mọ̀nà náà ni kò ní ní owó láti gbá ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ogun. Ilẹ̀ tí irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń jà lé lórí, ilẹ̀ ara rẹ̀ ni, níbi tí àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ yóò padà sí pẹ̀lú ọkọ́. Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọn kò gbà pẹ̀lú mi, wọn kò sì ta kò mí. Wọ́n ní kí n padà wá ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí n sì mú ìtàn ọkùnrin Sjenica yẹn dání, kí àwọn kà á fúnra àwọn.